Àwọn Ìkòkò Ìdí Tẹ́kì

Prince ló kọ́kọ́ rí ìkòkò náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi rí i.

"Yéè, ẹ gbà mí!" Ó jókòó gbì sórí kùkùté igi, ó di ẹsẹ̀ mú. "Màdáámù, wọ́n ti dẹ pàkúté dè wá nínú igbó yìí o."

Noëlle Igbẹ́kọ̀yí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi igi ha erùpẹ̀ níbi tí Prince ti fẹsẹ̀ kọ. Ìkòkò amọ̀ kékeré kan ni, kò ju èyí tí ọmọdé lè fi bomi mu lọ. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sin ín sídìí igi, gbòǹgbò sì ti dàgbà yí i ká, ó fún un mọ́ra bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun.

Ó dìde, ó lọ sídìí kùkùté kejì, ó ha ilẹ̀. Ìkòkò. Ó lọ sí ẹ̀kẹta. Ìkòkò.

"Oògùn ni," ni Prince wí. Ọmọ Lomé, olú ìlú, ni, igbó kò sì bá a lára mu. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Oògùn wo ni wọ́n ń sin sídìí gbogbo igi nínú oko tí ojú kò lè ká tán? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó bẹ́ẹ̀ kò ní ráyè gbin igi. Sísá ni yóò máa sá."

"Kí wá ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Dá ìkòkò yẹn padà sáyè rẹ̀."

Ẹ̀yìn abúlé Moretan ni oko igi tẹ́kì náà wà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá rí yóò rántí òjìji rẹ̀, bó ṣe máa ń tutù bí inú àmù. Kò sí òjìji kankan mọ́. Kùkùté ló kù, àti ìyẹ̀fun pákó tó pọ́n nílẹ̀ bí gàrí tí wọ́n da epo sí. Síbẹ̀, orí àwọn igi tí kò sí mọ́ yìí ni orúkọ ọkùnrin kan gbé rọ̀ sí.

Étienne Ògúnyínká ni ọkùnrin náà. Kò tíì pẹ́ tí Ilé Aṣòfin ẹkùn náà fi ìbò yàn án gẹ́gẹ́ bí olórí. Ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé kankan kò jókòó sórí àga yẹn rí. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé Atakpamé, àwọn àgbà tí kò jáde nílé mọ́ ní kí wọ́n gbé àga wọn síta, kí àwọn lè rí ojú àwọn tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n òfin ni pé kí wọ́n tó fi olórí jókòó tán, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ní àti ibi tó ti rí i, kí àwọn olùwádìí sì yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Noëlle àti Prince ni wọ́n rán. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò jábọ̀. Bí wọ́n bá ní ó mọ́, ó di olórí. Bí wọ́n bá ní kò mọ́, ó tán.

Ohun tó sì ń fẹ́ àlàyé kò ju ẹyọ kan lọ: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun ní Kamina. Étienne ní owó tẹ́kì bàbá òun lòun fi kọ́ ọ. Ẹnìkan tó fi orúkọ pamọ́ ní irọ́ ni, owó ẹ̀yìn láti ọwọ́ kọngílá tó ń ṣe ọ̀nà ni.

Noëlle ti bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó má rán òun. "Ẹni yẹn ló kọ́ mi ní ìwé," ló sọ.

"Ìdí tí mo fi ń rán ọ nìyẹn," ni ọ̀gá náà dáhùn. "Wàá wá bó ṣe máa mọ́ títí ojú ẹ yóò fi fẹ́ bọ́. Bí ìwọ náà bá wá a tì, a jẹ́ pé kò mọ́."

Òtítọ́ ni pé Étienne ló kọ́ ọ. Noëlle kò rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ nígbà èwe. Àwọn tí ìyá rẹ̀ bí ṣáájú kú lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí òun dé, wọ́n sọ ọ́ ní Igbẹ́kọ̀yí, pé igbó kọ èyí, kó dúró tì wá. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà láti náwó ilé ẹ̀kọ́ lórí ẹni tí kò dá a lójú pé yóò pẹ́. Étienne nígbà náà, olùkọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, wọ́n rán an wá sí àdúgbò wọn ní Agbonou láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò bá bàbá jà. Nírọ̀lẹ́, á mú síléètì rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, á ní òun wá kí àwọn ará ilé. Ìkíni náà gba ọdún púpọ̀. Fòfó ni Noëlle ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ládùúgbò náà. Fòfó Étienne.

*

Armel Ẹ̀taòkò, ẹni tó fi ìbò díẹ̀ pàdánù ipò olórí náà, wà lórí àga onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Agbonou nígbà tí wọ́n bá a. Ọṣẹ kún àgbọ̀n rẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀sùn kan Olórí," ni Prince wí.

"Èmi kẹ̀? Èmi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ló bí i."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. Noëlle kò rẹ́rìn-ín. "Ta ni kọngílá náà, Ọ̀gá Armel?"

"Màdáámù Geneviève. Òun ló ń ṣe ọ̀nà, òun ló kọ́ ilé. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ẹ rí i tó fún un lówó?"

"Ṣé dandan ni kí n rí ọlọ kí n tó mọ̀ pé wọ́n lọ àgbàdo?"

"Bí mi ò bá rí ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ ni."

Armel nu ọṣẹ kúrò lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ẹ wò ó, mi ò kórìíra rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ jù mí lọ ni. Bó bá la ẹnu, èmi gan-an a fẹ́ dìbò fún un. Ṣé ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni tó?"

"Ẹ má mi orí, Ọ̀gá," ni onígbàjámọ̀ wí. "Etí yín ni mo wà."

*

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà kò jìnnà sí ibi tí òpó irin rédíò àwọn Jámánì wó sí ní Kamina láyé àtijọ́. Geneviève, kọngílá, wà lórí àtẹ̀gùn, ó dé akoto òṣìṣẹ́ lórí gèlè, ó ń bá àwọn tó ń kun ilé jà. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀sùn náà, ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Èmi! Èmi fún Étienne lówó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é wá kó sọ ọ́ lójú mi. Ọkùnrin yẹn nájà sìmẹ́ńtì mọ́ mi lọ́wọ́ títí mo fi fẹ́ sunkún. Ó ní kí n yọ owó ìṣó. Ìṣó!"

"Ó lè jẹ́ pé ó ń díbọ́n," ni Prince wí.

"Nítorí ta? Èmi àti òun nìkan ló wà níbẹ̀."

Noëlle bi í pé, "Báwo ló ṣe sanwó?"

"Owó gan-an ló kó wá, nínú àpò ńlá tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn igi ló kọ́kọ́ jáde, bí ẹni ṣí ilé káfíńtà. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò pákó ni owó yẹn ti wá, mo búra. Wọ́n ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà sì ra àṣẹ́kù rẹ̀ fi ṣe òrùlé. Ẹ gbójú sókè."

Wọ́n gbójú sókè. Tẹ́kì ni.

Nínú ọkọ̀, Prince ń súfèé. "Ó mọ́, Màdáámù! Armel ló purọ́."

"Armel kò purọ́. Ó gba ohun tó wù ú gbọ́ ni." Noëlle fi orí ti gíláàsì. Ìdùnnú ti ń yọ́ wọ̀ ọ́ lára, kò sì fẹ́ kó tètè wọlé tán. "Wò ó báyìí. Ẹni tí wọ́n fún lówó ẹ̀yìn kì í nájà ìṣó, nítorí kò mọ bí owó ṣe le tó. Ẹni tó bá ń nájà ìṣó, ó mọ iye igi tó wó kó tó rí owó náà. Nítorí náà, owó igi ni. Ìbéèrè tó kù ni pé, igi ta ni?"

"Ti bàbá rẹ̀. A ti béèrè ní Moretan. Gbogbo ará ibẹ̀ ní 'tẹ́kì Ògúnyínká'."

"Gbogbo wọn sọ bákan náà."

"Ṣé ìyẹn náà tún di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti gbé ní àdúgbò rí. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìgbà wo ni gbogbo ènìyàn sọ bákan náà rí láìjẹ́ pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ ṣáájú?"

*

Étienne dìde nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Kò pè é ní Màdáámù.

"Igbẹ́kọ̀yí mi! Jókòó. Ṣé ọwọ́ òsì lo ṣì fi ń kọ̀wé?"

"Ẹ̀yin lẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Fòfó."

"Bàbá rẹ ní kí n nà ọ́ sí i. Mo ní ọwọ́ tó bá mọ ọ̀nà, ká má pè é padà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí Prince. "Ẹ má wulẹ̀ yọ́nú sí mi nítorí tirẹ̀ o. Ẹ bi mí ní ohun tó bá wù yín."

Prince bi í ní ọ̀rọ̀ tẹ́kì. Étienne kọjú sí fèrèsé, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí oyin.

"Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi dé akẹtẹ̀. Èmi ru ọ̀gbìn tẹ̀lé e, ewé rẹ̀ ń ha mí lọ́rùn. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀, mò ń fi ọ̀gbìn sí i. Nígbà tí a dé òpin oko, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, 'Étienne, àwọn igi yìí ni yóò gbé ọ dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò lè dé.' Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló kú."

Prince sọ ojú nílẹ̀. Bàbá tirẹ̀ náà ti kú.

"Kí ló dé tí ẹ fi gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?" ni Noëlle bi í.

"Ìwọ kò mọ Ilé Aṣòfin tí mo wà yìí, Igbẹ́kọ̀yí. Àwọn ará Lomé ń wò mí bí olùkọ́ abúlé. Àwọn ti wa, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ọmọ ń ṣàìsàn, ọmọ ń lọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní, 'Ta ni yóò tẹ̀lé ẹni tó ń háyà yàrá?' Mo nílò ilé tí ènìyàn lè wọ̀ kó bọ́ fìlà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Rárá, Fòfó. Àwọn ìkòkò tó wà nídìí igi ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ ṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan kò pé, ṣùgbọ́n Noëlle ti kọ́ láti máa wo ojú yẹn láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ lórí àga. Bí Étienne fúnra rẹ̀ bá ṣe àṣìṣe lórí síléètì, bí ojú yẹn ṣe máa ń ṣẹ́ nìyẹn kó tó fi apá nu ún.

"Ìkòkò? Àwọn obìnrin a máa kó nǹkan sí ibi gbogbo." Ó dìde. "Noëlle, ìyá mi ti dàgbà. Ẹ má lọ dà á láàmú."

Ó pè é ní Noëlle, kì í ṣe Igbẹ́kọ̀yí. Nígbà tí wọ́n jáde sí gbangba ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀.

"Ó ti parí," ni Prince wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ jábọ̀."

"A máa kí ìyá rẹ̀ ná."

"Ó ní ká má lọ!"

"Nítorí ìyẹn ni."

*

Ní Moretan, ìyá Étienne, tí Oyin ń jẹ́, fún wọn ní omi kó tó béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ó kéré, ó gbẹ, ó sì mọ́ bí àwo tí wọ́n fi eérú fọ̀. Nígbà tí Noëlle kúnlẹ̀, tó sì dárúkọ ara rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Igbẹ́kọ̀yí? Ọmọ Agbonou tí ọmọ mi kọ́ ní ìwé? Ọ̀rọ̀ rẹ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. O wá dàgbà báyìí! Igbó kọ̀ ọ́ lóòótọ́."

"Igbó kọ̀ mí, Ìyá. Àwọn wo lẹ pàdánù, ẹ̀yin?"

"Ta ni kò pàdánù níhìn-ín? Aboyún á rọbí, ọ̀nà á jìnnà." Ó nu ẹnu. "Ọ̀rọ̀ tẹ́kì lẹ bá wá, àbí? Ògúnyínká ọkọ mi ló gbìn ín. Ọmọ náà ru ọ̀gbìn tẹ̀lé e. Òjò ń rọ̀. Ọkọ mi dé akẹtẹ̀."

Noëlle gbọ́ akẹtẹ̀ náà, ọkàn rẹ̀ wúwo díẹ̀. Àgbàlagbà kì í rántí akẹtẹ̀ kó tó rántí igi. Ẹnìkan ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà bí ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ọmọ lè rán ìyá létí òtítọ́.

Tẹlifóònù dún ní etí ìró ìyá náà. Ó tú u, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e jìnnà sí ojú bí ẹni gbé àtùpà, ó sì ké lóhùn rara bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun fúnra rẹ̀ dé Atakpamé.

"Bàbárímisá! Bàbárímisá mi! Ṣé o ti jẹun?"

Noëlle, tó fẹ́ mu omi, gbé ife náà sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà níhìn-ín," ni ìyá ń wí. "Mo ti sọ ọ́ bó o ṣe ní kí n sọ ọ́. Lọ jẹun. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n bá ti fi ọ́ jókòó tán, màá gún iyán wá. Ó dàárọ̀, Bàbárímisá."

Ó di tẹlifóònù náà padà sí etí ìró. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Prince fi Faransé béèrè. Kò gbọ́ èdè Ifẹ̀. "Kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?"

Noëlle dá a lóhùn ní Faransé, jẹ́jẹ́. "Ìwé tí Étienne mú wá fún wa, Étienne Ògúnyínká ló wà níbẹ̀. Àwa ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, Prince. Èmi, ọmọ tó ń kú ni wọ́n wò, wọ́n sọ mí ní Igbẹ́kọ̀yí. Òun ni Bàbárímisá. Bàbá rí mi, ó sá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú bí wọ́n ṣe ń bí i ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀."

Prince rọra sọ pé, "Bàbá tó gbé ọwọ́ lé e lórí."

"Kò rí ọwọ́ bàbá kankan rí."

Ìyá Oyin ń wò wọ́n láti ojú ẹnìkan dé ojú ẹnì kejì. Kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ náà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá," ni Noëlle wí, "ìgbà wo ni Ògúnyínká kú?"

Adìẹ kan kọjá láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó lé e.

"Kí ni mo sọ?" ni ìyá béèrè. "Igbẹ́kọ̀yí, kí ni mo fi ẹnu mi sọ?"

"Ẹ pe ọmọ yín lórúkọ ni, Ìyá."

Ìyá Oyin fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, bí ẹni tó fẹ́ dá a padà. Noëlle ló tún sọ̀rọ̀.

"Mo ha ilẹ̀ ìdí àwọn kùkùté náà. Ìkòkò wà nídìí igi kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Oògùn kọ́. Ọkùnrin kì í fi ìkòkò sin nǹkan sínú oko. Ibi ọmọ ni wọ́n ń sin bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ àti ìyá àgbà ló sì ń sin ín. Ṣé àwọn obìnrin ló gbin tẹ́kì yẹn?"

Omijé ni ìyá kọ́kọ́ fi dáhùn.

"Ọjọ́ tí mò ń rọbí rẹ̀ ni ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ wá agbẹ̀bí," ló wí. "Omi odò gbé e lọ. Nígbà tí mo lè dìde, mo sin ibi ọmọ mi, mo gbin tẹ́kì lé e. Mo ní igi yìí ni yóò di pákó, pákó ni yóò di ilé ìgbẹ̀bí, kí ọkọ ẹlòmíràn má bàa kú sínú odò. Obìnrin tó bímọ tẹ̀lé mi náà gbìn. Èyí tí ọmọ rẹ̀ kú náà gbìn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n o mọ ìlú wa. Obìnrin lè gbin àgbàdo sórí ilẹ̀, kò lè gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi, ó ti ní ilẹ̀ di tòun nìyẹn. Wọn ì bá fà á tu. Fáwọlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ọlọ́run kó fi ọ̀run kẹ́ ẹ, òun ló ní ká máa sọ pé Ògúnyínká ló gbìn ín kó tó kú. Ó ní òkú kì í bá ènìyàn jiyàn. Gbogbo wa sì ń sọ ọ́. Ó pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ tó fi di òtítọ́."

"Étienne mọ̀?"

"Ta ni yóò sọ fún un bí kì í bá ṣe èmi? Abẹ́ igi tirẹ̀ ló ti kọ́ ìwé." Ó nu ojú. "Ó wá, ó ní wáyà iná mànàmáná fẹ́ gba ibẹ̀, ìjọba ní ká gé e, ìjọba ni yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún wa. Àwọn obìnrin jó. Wọ́n bá a gbé pákó sínú ọkọ̀. Orí ara wọn ni wọ́n fi rù ú, Igbẹ́kọ̀yí."

Noëlle ṣàlàyé fún Prince. Prince dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé.

Nígbà tí àwọn méjèèjì nìkan kù, ìyá di eékún Noëlle mú. "Ọmọ mi. Òun ló jẹ́ kí o mọ ìwé. O kò ha lè sọ pé o kò rí ìyá kankan bá nílé?"

Noëlle wo ọwọ́ náà. Ó rí síléètì, ó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, ó rí ọkùnrin tó ń parọ́ pé òun wá kí àwọn ará ilé. Irọ́ yẹn ló gbà á là.

"Màá sọ pé àwọn ìkòkò ni mo rí," ló wá wí. "Mi ò ní dárúkọ yín. Kò ní mọ̀ láé."

Tẹlifóònù tún dún ní etí ìró. Ìyá Oyin kò tú u. Ó ń dún, ó ń mi ìró náà, ó sì dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́ tán, ìyá gbé ọwọ́ kúrò lórí eékún Noëlle, ó jókòó dáadáa, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Rárá. Bí o kò bá dárúkọ mi, àwọn obìnrin yóò ní mo bá a jẹ owó náà. Ìkòkò ọmọ wọn tó kú wà níbẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé Oyin ló sọ ọ́. Kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ni."

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ka àbọ̀ ìwádìí náà nínú Ilé Aṣòfin. Armel Ẹ̀taòkò wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ibi tí orúkọ ìyá náà wà, òun gan-an dorí kodò. Étienne kò jiyàn. Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ní òun fi ipò náà sílẹ̀. Wọ́n ní wọn yóò ti ilé Kamina pa, wọn yóò tà á, owó rẹ̀ yóò padà sí Moretan. Ìgbà wo ni, wọn kò sọ.

Èrò ti kún ìta. Ẹni tó ń bú u ń bú u, ẹni tó ń sunkún ń sunkún, àwọn kan ní àwọn ará Lomé ló dìtẹ̀ mọ́ ọmọ Ifẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n gbé àga síta lọ́jọ́sí kò wá.

Noëlle rí Ìyá Oyin lórí àtẹ̀gùn Ilé Aṣòfin. Ó ti dìde láti Moretan ní ìdájí, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní sémì ló gbé e láti Agbonou, eruku ọ̀nà ṣì wà ní ojú rẹ̀. Àwo kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ dì í, ooru ń jáde níbi tó so ó. Àwọn obìnrin Moretan jókòó yí i ká, wọ́n sún mọ́ ọn.

Étienne jáde. Àwọn ọlọ́pàá là á lọ́nà láàárín èrò títí dé ibi tí mọ́tò rẹ̀ wà.

"Bàbárímisá!"

Ariwo ìta náà dá wáí. Gbogbo ènìyàn ti gbọ́ orúkọ yẹn nínú àbọ̀ ìwádìí láàárọ̀, wọ́n sì mọ ohun tí orúkọ náà tú síta. Olúkúlùkù yíjú sí obìnrin kékeré tó dìde dúró lórí àtẹ̀gùn, tó gbé àwo sókè lọ́wọ́ méjèèjì.

"Bàbárímisá, ṣé o ti jẹun?"

Étienne dúró. Noëlle rí ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó rí bó ṣe le gbagidi, bí ẹni tí wọ́n di ẹrù lé. Kò wẹ̀yìn. Ó tẹ orí ba, ó wọ mọ́tò, ilẹ̀kùn pa dé. Mọ́tò náà lọ.

Ìyá Oyin dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó jókòó.

"Kò gbọ́," ló sọ fún Noëlle. "Ariwo pọ̀ jù."

Láti ìgbà tó ti ké pe ọmọ rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó la ẹnu ní gbogbo ìta náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ni Noëlle dáhùn. "Ariwo pọ̀ jù."

Ìyá tú aṣọ náà. Iyán funfun ni, ọbẹ̀ ẹ̀pà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó sì sún un sí ọ̀dọ̀ Noëlle.

"Gbà, Igbẹ́kọ̀yí. Iyán kì í dúró de ènìyàn. Jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Noëlle jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, lójú gbogbo èrò, ó fọ ọwọ́ òsì àti ọ̀tún, ó sì jẹ ẹ́ tán.